Kòlórínì Wo Ló Yẹ Omi Ilé Wa? Àgbéyẹ̀wò láti Fìdítì dé Ìlọrà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ á kọ́kọ́ kan Fìdítì kó tó kan Ìlọrà. Ọsàn tí wọ́n pàtẹ sí etí títì ni ojú àlejò máa ń bá pàdé. Ohun tí kì í rí ni kànga ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n fi páànù tàbí pákó dé lórí, tí ike ìfami àti okùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káàkiri àwọn ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, tí méjèèjì wà, kànga yìí, bóhóòlù àdáni àti omi òjò ni ọ̀pọ̀ agboolé gbójú lé ju omi ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí òjò bá ń dà gan-an, tí àwọ̀ omi kànga yí padà, tí ọmọ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ẹnì kan á dábàá pé kí wọ́n da Hypo sí i. Èkejì á ní HTH ló dáa jù. Ẹ̀kẹta, tó gbọ́ ọ ní ilé ìwòsàn, á ní oníhóró ni kí wọ́n rà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jàre, wọ́n sì lè jẹ̀bi, nítorí kò sí èyí tó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi kòlórínì ọ̀hún ṣe nínú wọn.

Iṣẹ́ yẹn ló yẹ kó yan ọjà fún wa. Omi tí a ó mu lọ́tọ̀, kànga tí a fẹ́ fọ̀ lọ́tọ̀, omi tí a kàn fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ fi najú lọ́tọ̀. Ẹni tó bá mú ti ọ̀kan lọ lò fún èkejì, bó bá ṣe oríire, owó nìkan ni yóò pàdánù.

Ìmọ̀ kòlórínì ti pẹ́ láyé. Ní 1774 ni Carl Wilhelm Scheele kọ́kọ́ rí i ní Sweden; Humphry Davy ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1810. Nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń pa àwọn ará Maidstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, wọ́n fi í fọ omi ìlú náà. Ní 1908, Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú omi ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ilé ẹjọ́ sì gbà pé omi náà mọ́, kò sì léwu. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn fi tẹ̀ lé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyí, ní 2021, àjọ NCDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn, ka ènìyàn 111,062 tí wọ́n fura sí pé àrùn onígbáméjì mú ní Nàìjíríà, 3,604 nínú wọn sì kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Michael Kremer, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2019, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì oríṣiríṣi ìwádìí jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ. Wọ́n rí i pé títọ́jú omi mímu ń dín ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Oògùn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú kò pọ̀.

Bó jẹ́ olómi, bó jẹ́ ìyẹ̀fun, bó jẹ́ oníhóró, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń dà nínú omi: ásíìdì kan tí kò le púpọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hypochlorous acid. Òun ló ń wọ ara kòkòrò àìfojúrí, tó ń pa á. Bí omi bá ṣe ń kúrò ní kíkan, tó ń sún mọ́ omi eérú, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì yìí ń dín kù. Bí ìwọ̀n pH omi bá wà ní 7.5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ́ kù; bó bá fi máa dé 8.5, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló ya ọjà kan sọ́tọ̀ sí èkejì: bí kòlórínì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, ohun mìíràn tó bá a wọlé sínú omi, àti bóyá àwọn tó ṣe é ṣe é fún ẹnu ènìyàn.

Jik àti Hypo ni gbogbo ilé mọ̀. Sodium hypochlorite ni wọ́n. Èyí tí wọ́n ń kọ sára irú ike bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ara ike tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kà, ẹ má fi ti ẹlòmíràn ṣírò. Ó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kò wọ́n, kì í sì í fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ nínú omi ju iyọ̀ díẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ọjọ́ ń jẹ ẹ́. Oòrùn àti ooru ń fa agbára rẹ̀ yọ, débi pé ike tó ti jókòó sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Èyí tó ní òórùn òdòdó, èyí tó ki, èyí tí wọ́n po ọṣẹ mọ́, aṣọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó mọ.

Ìṣirò ti omi mímu kò le. Omi tó mọ́ lójú ń fẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 2 kòlórínì fún lítà kan. Èyí tó rú díẹ̀ ń fẹ́ ìlọ́po méjì. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń fẹ́ mílígíráàmù 50 nìyẹn. Bí ohun tí ẹ rà bá jẹ́ ìdá 3.5, nǹkan bíi mílílítà kan àbọ̀ ti tó. Kò kún ìdá kan nínú mẹ́ta ṣíbí tíì. Àwọn ènìyàn máa ń fi ọmọrí ike bù ú, bẹ́ẹ̀ ọmọrí kan kì í bá èkejì dọ́gba, omi á wá máa rùn gbùù, àwọn ọmọ ò ní mu ún, ìyá wọn á sì ní kòlórínì kò dáa. Síríńjì mílílítà 2 láti kẹ́míìsì, tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù, ló parí ìjà yẹn. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, kí ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó bù ú mu.

Water Guard, tí Society for Family Health gbé kiri ní Nàìjíríà, wà ní ìdílé kan náà pẹ̀lú Jik. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fún omi mímu ni wọ́n dìídì ṣe é, tí wọ́n sì fi ìdérí ìgò rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ó sàn ju kí ẹ máa fi ohun ìfọṣọ ṣírò lọ.

Oníhóró ńkọ́? Aquatabs ló lórúkọ jù nínú wọn. Ilé iṣẹ́ Medentech ní Wexford, ilẹ̀ Ireland, ló ń ṣe é. Sodium dichloroisocyanurate, tí wọ́n ń gé kúrú sí NaDCC, ló wà nínú rẹ̀. Hóró mílígíráàmù 67 kan wà fún lítà 20, ó sì ń já sí mílígíráàmù 2 fún lítà kọ̀ọ̀kan tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún abiyamọ tí iṣẹ́ ti dí lọ́rùn, òun ni mo máa yàn láìṣiyèméjì. Kò ní ìṣirò, kì í dà sílẹ̀, inú bébà rẹ̀ ni hóró kọ̀ọ̀kan ń gbé, nítorí náà kì í tètè bàjẹ́. Pé owó rẹ̀ lórí lítà kan ju ti Jik lọ, òótọ́ ni. Pé kì í ṣe gbogbo kẹ́míìsì ló ń tà á, òótọ́ ni pẹ̀lú.

HTH ni àwọn ọ̀gá kànga fẹ́ràn, mo sì gbà fún wọn, bó bá jẹ́ kànga là ń sọ. Calcium hypochlorite ni, wínníwínní tàbí ìyẹ̀fun funfun, kòlórínì inú rẹ̀ sì máa ń tó ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fi kànga kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan, tí omi inú rẹ̀ jìn tó mítà méjì: omi náà máa tó nǹkan bíi lítà 1,570. Bí àgbàrá bá ti wọ inú rẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ ro ó tán, mílígíráàmù 50 sí 100 fún lítà kan la fi ń fọ irú rẹ̀. Bí a bá mú 100, nǹkan bíi gíráàmù 240 HTH onídàá 65 á ṣe iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ Jik onídàá 3.5, lítà mẹ́rin àbọ̀ ló máa lọ sí i. Ẹni tó bá ru lítà mẹ́rin àbọ̀ Jik lọ sídìí kànga kan ṣoṣo á mọ ìdí tí mo fi ní HTH ló ni iṣẹ́ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ pò ó sínú korobá omi, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó funfun bí ẹfun sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Omi tó mọ́ lórí ni kí ẹ dà yí ara kànga po, kí okùn àti ike ìfami náà bá a wẹ̀. Ẹ dé e, ẹ má fà á títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa omi náà dànù títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ẹ má dà á sínú odò, ẹ má sì jẹ́ kó ṣàn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ti ń sin ẹja àrọ̀, nítorí kòlórínì kì í ṣàánú ẹja.

Bí omi kànga bá ní irin nínú, ó lè pọ́n bí ìpáta bí ẹ bá ti fi kòlórínì sí i. Ẹ̀rù máa ń bà wá tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó ní wọ́n ti ta ayédèrú fún wa. Irin inú omi ló yọ jáde. Bó bá sílẹ̀, tí ẹ sì sẹ́ omi rẹ̀, ó tán.

Àṣà kan wà tí mi ò fara mọ́: pé kí wọ́n máa bu ife kan HTH tàbí Hypo sínú kànga lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí gbogbo agboolé sì máa mu ún lọ. Ní ọjọ́ kìíní, ó lè pọ̀ ju ohun tó yẹ kí ọmọ mu. Omi tuntun á máa sun wọlé, ẹrẹ̀ àti ewé inú kànga á máa jẹ kòlórínì, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní í ku nǹkan kan níbẹ̀ tó lè ja kòkòrò. Ní Íńdíà, wọ́n máa ń fi ìyẹ̀fun kòlórínì àti yanrìn sínú ìkòkò amọ̀ olójú kékeré, wọ́n á so ó kọ́ sínú kànga kó máa tú jáde díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹni tí kì í gbàgbé láti pààrọ̀ ohun inú rẹ̀. Ní agboolé tí gbogbo ènìyàn ti ń fa omi, tí kò sí ẹni tó ni kànga ní tòótọ́, mi ò rí ẹni náà. Kẹ́ẹ̀gì tí ó wọlé ni mo gbà pé kí olúkúlùkù tọ́jú, kí wọ́n fi kànga sílẹ̀ fún ìfọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Amù ńkọ́? Omi inú amù tutù, ó dùn, àmọ́ ara amọ̀ máa ń tètè jẹ kòlórínì tán, ife tí gbogbo ọwọ́ ń tì bọ̀ ọ́ á sì parí èyí tó kù. Ike tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu sàn jù fún omi tí a ti fi oògùn sí.

Ẹ jẹ́ ká yà sórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti òkè òkun wá kọ́lé. Ẹni tó ti gbé ní London tàbí Houston lè fẹ́ gbé jàkúsì sí ilé tó ń kọ́ sílé, ìyẹn agbada ìwẹ̀ olómi gbígbóná tí afẹ́fẹ́ ń hó nínú rẹ̀. Kòlórínì tó máa lò fún un kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ní kí kòlórínì inú rẹ̀ má dín sí mílígíráàmù 3 fún lítà, nígbà tí ti omi ìlúwẹ̀ẹ́ lásán jẹ́ 1. Kí pH wà láàárín 7.0 sí 7.8, kí ooru rẹ̀ má sì kọjá 40°C. Ìdí tí wọ́n fi le mọ́ ọn ni pé ooru ń lé kòlórínì lọ, òun kan náà ló sì ń mú kòkòrò Legionella bí sí i. Kòkòrò yìí ni wọ́n rí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ṣọṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó péjọ sí Philadelphia ní 1976. Èéfín omi tí à ń fà símú ló ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Òmíràn, Pseudomonas, ń fi èélá sára ènìyàn níbi tí aṣọ ìwẹ̀ bò.

Dichlor ni àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn fún jàkúsì, torí ó ń tètè yòrò, kì í sì í yí pH púpọ̀. Ó ní ẹrù lẹ́yìn. Bí ó bá fi mílígíráàmù 10 kòlórínì sínú lítà kan, ó ń fi nǹkan bí 9 cyanuric acid sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, èyí kì í sì í lọ títí ẹ ó fi da omi náà nù. Agbòòrùn ni cyanuric acid jẹ́ fún kòlórínì: ó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà ní gbangba. Nínú ilé, lábẹ́ òrùlé, kò sí oòrùn tí à ń sá fún, ó sì ń mú kí iṣẹ́ kòlórínì falẹ̀. CDC ní kí wọ́n má lò ó nínú jàkúsì rárá. Trichlor burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un: ìdá 90 ni kòlórínì inú rẹ̀, ó kan bí ọtí kíkan, á jẹ irin ìgbómigbóná. HTH ń fi ẹfun kún omi, ẹfun á sì dì mọ́ irin náà. Nítorí náà, Jik tí kò lóòórùn dídùn, tí kò sì lọ́ṣẹ, ni mo máa yàn. Agbada lítà 1,200 kò nílò ju bíi mílílítà 100 rẹ̀ lọ láti dé mílígíráàmù 3 fún lítà.

Ìṣòro jàkúsì lọ́dọ̀ wa wà lọ́wọ́ iná ju ọwọ́ kòlórínì lọ. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń yí omi dúró, kòlórínì tán, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ wà níbẹ̀ fún kòkòrò láti bímọ. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà tó lè gbé e, kí ó da omi náà nù lẹ́yìn tó bá wẹ̀ tán. Kẹ́ẹ̀gì 48 nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹnì kan lè ní: ṣebí NaDCC inú Aquatabs àti dichlor inú jàkúsì, ọmọ ìyá kan náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ FAO àti WHO sì ti yẹ NaDCC wò, wọ́n gbà á fún omi mímu. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún ẹnu ni wọ́n gbà. Ike dichlor tí wọ́n ṣe fún omi ìlúwẹ̀ẹ́ kò jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni nípa ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Èyí ló mú kí n kọ̀ jálẹ̀ fún kòlórínì tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá lásán, tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. HTH, dichlor, trichlor, funfun ni gbogbo wọn, òórùn wọn jọra, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kòlórínì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Omi ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́ tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Ẹ fi álọ́ọ̀mù mú ẹrẹ̀ sílẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó fi kòlórínì sí i. Álọ́ọ̀mù nìkan kì í pa nǹkan kan. Kòkòrò Cryptosporidium ń fi ìwọ̀n kòlórínì omi mímu ṣe yẹ̀yẹ́: ní Milwaukee, Amẹ́ríkà, ní 1993, nǹkan bí ènìyàn 403,000 ló ṣàìsàn látinú omi ẹ̀rọ tí kòlórínì wà nínú rẹ̀. Omi tí ẹ bá fura sí pé ó ní in, ẹ sè é. Sòbìà náà, aṣọ ìsẹ́mi àti oògùn Abate inú adágún ló ṣe gudugudu méje nínú ogun rẹ̀. Kòlórínì kọ́ ló lé e lọ kí WHO tó fún Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí ní 2013 pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ṣáláńgá bá sì wà nítòsí kànga, tí kò tó mítà 30 sí i, ojoojúmọ́ ni ìdọ̀tí á máa wọlé.

Ti ewu, mi ò ní fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Jik àti oògùn ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì kò gbọdọ̀ pàdé: èéfín tó ń jáde ni irú èyí tí ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1915. HTH kò gbọdọ̀ bá kẹrosín, bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì mọ́tò gbé ibì kan. Iná lè sọ láìsí ẹni tó ṣáná. Ṣíbí tí ẹ fi bu trichlor, ẹ má fi bu HTH. Inú omi là ń da kòlórínì sí. A kì í da omi lé kòlórínì lórí. Kí ẹnikẹ́ni má sì rọ Jik sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọdé mọ̀.

Nítorí èyí ni mi ò fi gbà pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú HTH. Jik tàbí oníhóró ni kó wà nínú ilé. HTH, kí ó wà lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé tàbí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀, nínú agolo tí wọ́n kọ orúkọ sí, ní ibi gbígbẹ, kí ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò sì dáwó rà á. Àwọn wolé-wolé tó jẹ́ pé ìwé ìtanràn ni a fi ń dá wọn mọ̀ látijọ́, iṣẹ́ tí ìlú máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún nìyí: kí wọ́n wọn ẹnu kànga, kí wọ́n wọn omi inú rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí àgbàrá bá ti wọ́ ìdọ̀tí ẹ̀ẹ̀rùn jọ sídìí rẹ̀. Kí wọ́n mú ike ìdánwò kékeré tí àwọn olómi ìlúwẹ̀ẹ́ ń lò dání, èyí tí omi ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀ bí kòlórínì bá wà. Nínú kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi oògùn sí láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mílígíráàmù 0.5 fún lítà ló dára. Bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 0.2, ẹ tún un ṣe. Èyí tó bá kọjá 5, ẹ má mu ún.